Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́ Kí Ọdẹ Kú Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ kí n tó mú bírò. Ìyàwó mi tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ gan-an, tí mo bá ń sọ ọ́ fún àlejò, ńṣe ló máa ń wò mí bíi pé mo ti bu iyọ̀ sí i. Mo bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn láyé mi, mi ò jiyàn. Ti eléyìí, mi ò fọwọ́ kan iyọ̀ rárá.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Kétu. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo níyàwó, mo bímọ, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń ṣeré bí ọmọdé ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Eré wo? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé títí di òní, tẹ́tẹ́ ni bàbá ìyàwó mi rò pé a ń ta.

A óò jókòó yí tábìlì ká ní pálọ̀ mi ní Ìkòsí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀dá ìtàn kan, á kọ ọ́ sórí bébà: iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èmi ni onítàn. Èmi ni mo máa ń sọ irú igbó tí wọ́n wà, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ṣàdédé yọjú láti ẹ̀yìn igi. Màá bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Wọn á sọ ọ́. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá le, wọn á ju dáìsì lúdò méjì, ohun tí dáìsì bá sọ la ó gbà. Kò sẹ́ni tó ń jẹ, kò sẹ́ni tí wọ́n ń jẹ. Ìtàn nìkan là ń gbé délé.

Àwọn mẹ́ta ló máa ń wá bá mi. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Mende, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Oníṣègùn ni ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Ọkùnrin kan ń wá láti Magodo, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Jagunjagun ni tirẹ̀, ó ní idà. Ẹnì kẹta ni ọmọ Àlàájà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo kọ́ ní girama. Ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Mile 12. Kì í ṣe tòmátì orí àtẹ o. Tírélà ni tòmátì ti Àlàájà fi ń wọ ìlú. Ọdẹ ni ẹ̀dá ìtàn tí ọmọ náà mú, ọdẹ tó ní ọfà mẹ́tàlá àti ẹnu dídùn.

Níbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń pa ẹ̀fọn ni wọ́n ń pa ènìyàn nínú eré náà. Ará Magodo yìí ló burú jù nínú wọn. Ọkùnrin tí kò lè wo ibi tí wọ́n ti ń dúńbú adìẹ, ó pa ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè mẹ́rin lọ́jọ́ kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló wà nínú àpò wọn?"

Mo wò ó. Mo ní, "Bébà kékeré kan wà nínú àpò ẹni àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní kí bàbá òun má gbàgbé gúgúrú lálẹ́ òní."

Ó yí pẹ́ńsù lọ́wọ́ títí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ò dáa o. Ṣebí eré ni?"

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣòfin. Bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú eré wa, a ó gbé dáìsì sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tí ikú náà ṣe fún ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Mi ò sì fẹ́ "inú rẹ̀ bàjẹ́," inú gbogbo ayé ló ń bàjẹ́. Níbo ló ti mọ̀ ọ́n lára? Ṣé ikùn ni? Ṣé itan ni? Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lọ túfọ̀ fún ará ilé òkú. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń túfọ̀. A kì í já wọlé ká ní lágbájá ti kú. A ó kí wọn, a ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, a ó ní kí wọ́n jókòó, a ó ní ara lágbájá ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá, a ó máa yí ọ̀rọ̀ náà po títí ẹni tó ń gbọ́ á fi bá wa parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣe ìyá olóògbé. Màá we gèlè ìyàwó mi, màá ká ẹsẹ̀ sórí àga, màá ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ mi ńkọ́?"

Ẹ ò rí bí ìpakúpa ṣe dínkù.

Ará Magodo kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Inú ń bí i."

"Ìgbà wo ni inú kì í bí jagunjagun tìrẹ? Ṣé ata nìkan ni wọ́n fi tọ́ ọ ni?"

Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Bí ènìyàn bá kú, oníṣègùn rẹ̀ á máa to ìgò, á máa ká aṣọ. Mo bi í pé èéṣe. Ó ní, "Iṣẹ́ ṣì kù, Ọ̀gá. Tí iṣẹ́ bá tán ló máa tó gbọ̀n." Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí. Ọmọ Àlàájà kò wá. Ó ti lọ sí Kánò láti kó tòmátì wá fún ìyá rẹ̀, òun àti dírẹ́bà sì ti wà lójú ọ̀nà láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí aago mẹ́rin ṣe lù, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Àlàájà fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìborùn funfun, ó di tòmátì sínú ọ̀rá dání.

"Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá wo ohun tó ń gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi ní gbogbo Sọ́ńdè."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Eré lásán ni, Àlàájà."

"Eré tí àgbàlagbà ń tilẹ̀kùn mọ́rí ṣe? Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ìyàwó mi pariwo láti kíṣìnnì, "Àlàájà, ẹ bá mi bi wọ́n dáadáa!"

A ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ kíákíá jù bí ará Magodo ti gbọ́ ọ lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ará Magodo. Ó ní òun náà máa ṣe é. Mo ṣí fáìlì tí mo ń kó bébà wọn sí láti mú bébà òfìfo, bébà ọmọ rẹ̀ ló wà lókè. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Ó gbà á, ó nà án jìnnà sójú, ó ń kà á. Nígbà tó dé ibi tí a kọ "ohun tó ń bà á lẹ́rù" sí, ó rí i pé ọmọ náà kọ "ìyá rẹ̀."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sí èjìká. "Ọmọ burúkú! Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi. Èmi ni màá bá a ṣe é lónìí."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé a ò ní fún Mọ́mì ní bébà tiwọn?"

Mo ní, "Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ta ló tún mọ ọmọ ju ìyá lọ?"

Gbogbo ẹ̀bi tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé wọn dé orí afárá kan. Àwọn ọlọ́ṣà mẹ́fà dí afárá náà, wọ́n ní wọn ò ní kọjá láìsan owó ibodè. Ará Magodo ti ń wá idà rẹ̀. Àlàájà ní, "Fi idà rẹ sílẹ̀, ọmọ mi, a ṣì ń nájà." Ó kọjú sí mi, èmi ọlọ́ṣà. "Èló ni jálẹ̀?" Mo dá iye kan. Ó pòṣé. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ afárá ni? Ẹ wo ojú yín bíi tòmátì ọjọ́ mẹ́rin. Èwo nínú yín ni ọ̀gá? Ìwọ yìí? Ta ló fi ọ́ joyè?" Ó já owó náà wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí àwọn ọlọ́ṣà fúnra wọn máa san owó fún un. Ẹ̀rín pa wá. Nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín síta dorí kodò sórí tábìlì. Àlàájà ń lo ohùn ọmọ rẹ̀, ó ń fa etí bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń fa etí bó bá ń parọ́. Ńṣe ló dà bíi pé ọmọ náà ló jókòó síbẹ̀.

Mo ní ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣà kò fara mọ́ ẹ̀sín náà. Ó fa ọrun láti ẹ̀yìn. Mo ní kí Àlàájà ju dáìsì kí a mọ̀ bóyá ọdẹ máa yẹ ọfà náà.

Ó mi dáìsì lọ́wọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i bó ṣe rí i tí àwa náà ń ṣe. Ó jù ú.

Ọ̀kan. Àti ọ̀kan.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan àti ọ̀kan kò ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n onítàn lè tẹ ìtàn. Mo lè sọ pé ọfà náà gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá. Nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, èékánná mi mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ti kún fún ẹ̀rín jù, ó sì ń wù mí kí gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti sọ ìtàn fún ènìyàn rí mọ ìdùnnú burúkú yẹn. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Ọfà náà wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọdẹ fọwọ́ kàn án. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí ohùn. Ó ṣubú sórí afárá. Ó kú."

"Háà," ni Àlàájà wí. Ẹ̀rín ṣì wà ní ojú rẹ̀.

A gbé dáìsì sílẹ̀. Mo kọjú sí ará Magodo, mo ti múra ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀.

Ó ní, "Kò bínú, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ti sá. Ó ti sá kí ọdẹ tó kan ilẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ afárá, ó fi ọwọ́ di etí. Itan rẹ̀ ló ń gbọ̀n." Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀ sórí tábìlì.

Nọ́ọ̀sì ní oníṣègùn òun kúnlẹ̀ ti òkú, ó fi ìka di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan tó kù tó lè ṣe. Kò lè mú ìka kúrò ni.

Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀. Ara mi ti ń sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ti jókòó sórí ahọ́n mi, n kì í sì í lè gbé ẹ̀fẹ̀ mì. Mo ní, "Ta ni yóò túfọ̀? Lónìí, mi ò ní we gèlè. Ìyá kúkú wà níkàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì, sún mọ́ wọn."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fò ó."

"Òfin lòfin."

Ó yí àga rẹ̀ sí Àlàájà. Àlàájà tún ìjókòó ṣe, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń bá wa ṣeré.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mọ́mì."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ti jẹun, mà?"

"Mo jẹ̀bà lọ́sàn-án. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti jẹun. Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé?"

Mo rí ẹ̀rín náà bó ṣe ń kúrò lójú Àlàájà, bí omi ṣe ń fà nínú garawa tó jò. Ìbéèrè yẹn, kò sí ìyá tí kò mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà túfọ̀ ju bó ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ lọ, bó sì ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ ló ṣe é.

"Kí ló dé tí o fi ń béèrè?"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Ọmọ yín ni. Nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà."

Lójú ọ̀nà. Orí afárá ni ọdẹ wà, afárá sì wà lójú ọ̀nà, ohun tó ní lọ́kàn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tòótọ́, ọmọ tó ní ẹran ara, òun náà wà lójú ọ̀nà lákòókò yẹn, lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì, láàárín Kánò àti wa.

Àlàájà sún síwájú lórí àga.

"Ọmọ wo?" ni Àlàájà béèrè.

"Ọdẹ ni, Mọ́mì. Ọdẹ inú bébà ni."

"Bébà ta ni?"

Gbogbo wa wo bébà tó wà níwájú rẹ̀.

"Bébà ọmọ mi ni. Ọwọ́ èmi ni mo fi ju dáìsì yẹn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí máa ń sọ tí wọ́n bá gbọ́ ikú, mo rí i tó dé ẹnu rẹ̀. Mo rí i tó gbé e mì, bí ẹni gbé eegun mì. Bó bá sọ ọ́, ó ti gbà á nìyẹn.

Ó mú fóònù jáde lábẹ́ ìborùn, ó pe ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ obìnrin inú fóònù tó ní wọ́n ti pa fóònù náà. Ó tún un pè. Ó pe dírẹ́bà. Ti dírẹ́bà dún títí ó fi já, kò sẹ́ni tó gbé e. Ará Magodo ní, "Mọ́mì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ọmọ mi kì í pa fóònù lójú ọ̀nà." Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, jí i."

Láti ìgbà tí mo ti mọ Àlàájà, "ẹ" ló ń lò fún mi, torí pé mo kọ́ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo di ìwọ.

"Àlàájà, mà, eré…"

"Mo ní kó o jí i! Ṣebí ìwọ lo pa á?"

Mo mú rọ́bà tí mo fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Mo ti fa ìlà la ẹ̀dá ìtàn náà kọjá bí a ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlà náà rẹ́, mo ń sọ ìtàn lọ. Mo ní ọfà náà kò wọlé rárá. Mo ní ìgbàdí awọ kan wà lọ́rùn ọdẹ… rárá, kì í ṣe ìgbàdí, akèrègbè ni, akèrègbè omi ni ọfà náà bà, omi ló ń ṣàn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ní ọdẹ dákú ni. Mo ní ó ti lajú. Èmi tí mo lè fi ìtàn mú kíláàsì ogójì ọmọ dákẹ́ lọ́sàn-án gangan, mi ò gba ara mi gbọ́. Mo ń pa bébà náà rẹ́ títí ó fi ya ní àárín.

Yíya bébà yẹn, a gbọ́ ọ bí ìgbà tí nǹkan ńlá ya.

Àlàájà ní, "Kò dìde. Ò ń fi rọ́bà tàn mí." Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Ṣé rọ́bà wà tó ń pa ohun tí ẹnu ti sọ rẹ́?"

Ìyàwó mi ti jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Ó kúnlẹ̀ ti Àlàájà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó gbójú sókè wò mí. "Ẹ̀yin Dádì yìí. Mo sọ ọ́ fún yín. Mo ní ẹ máa fi ikú ṣeré lọ, ikú ò ní mọ̀ pé eré ni."

Mo kàwé o. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ẹ̀dá ìtàn kì í ṣẹ̀jẹ̀, pé bébà ni, pé tàdáwà ni. Orí mi mọ èyí dájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ló ń bẹ̀rù. Ohun tútù kan ti jókòó sí ìsàlẹ̀ ìdodo mi, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìgbà tí obìnrin inú fóònù náà bá sì tún sọ̀rọ̀, á gun àtẹ̀gùn kan sí i.

Ará Magodo fi mọ́tò rẹ̀ gbé Àlàájà lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Mi ò sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ Ajé, mo ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Mile 12. Tírélà ti ń tò. Àwọn alábàárù ń gbé apẹ̀rẹ̀ sálẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Mo rí Àlàájà níwájú ìsọ̀ wọn, wọ́n jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, taṣọ-taṣọ. Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn béèrè pé, "Ta ni bàbá yìí?"

"Òun ló pa ọmọ mi sórí bébà."

Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

Mo dúró. Tírélà kan wọlé, kì í ṣe tiwọn. Dírẹ́bà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin bi í bóyá ó rí ọkọ̀ Àlàájà. Ó ní òun ò dá ọkọ̀ Àlàájà mọ̀, ṣùgbọ́n òun rí tírélà tòmátì kan tó ṣubú lẹ́yìn Jẹ́bà, tòmátì bo títì.

"Àwọ̀ wo ni iwájú rẹ̀?"

"Ilẹ̀ ti ṣú, mà. Wọn ò jẹ́ ká dúró. Mo kàn rí i tí wọ́n ń fi ewé bo ènìyàn ni."

Àwọn obìnrin náà ń wo Àlàájà, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n. Mo ti rò pé Àlàájà máa ké. Mo ti múra sílẹ̀ de igbe náà, mo fún ara mi pọ̀. Wọn ò ké. Wọ́n na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi èyí tó le sápá ọ̀tún, èyí tó rọ̀ sápá òsì. Wọn ò wo ọwọ́ wọn. Ojú wọn wà ní ẹnu ọ̀nà tí tírélà ń gbà wọlé.

Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì. Wọn ò lé mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo fi ọ̀kan tó rọ̀ sápá ọ̀tún, wọ́n mú un, wọ́n fi í sápá òsì. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń ka tírélà tó ń wọlé bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mò ń ṣe àdéhùn: bí ti ìsinsìnyí kì í bá ṣe tiwọn, ti ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Ti ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́. Ti ẹ̀yìn ìyẹn náà kọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú gíláàsì iwájú tó ti sán. Ọwọ́ Àlàájà dúró. Ẹnì kan ń ti orí ẹrù sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí wa, ó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó yíjú. Òun ni. Pupa wà lára ẹ̀wù rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo, gbogbo wa ń wo pupa náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé ti kí ni.

Ó rìn wá bá ìyá rẹ̀. "Mọ́ọ̀mí, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ti bàjẹ́. Ó lè tó méje. A dúró pẹ́ jù."

Àlàájà bọ́ sálúbàtà, wọ́n gbá a lé e léjìká. Wọ́n tún gbá a. "Fóònù rẹ ńkọ́? Mo ní fóònù rẹ ńkọ́?"

"Bátìrì rẹ̀ tán lọ́sàn-án àná. Iná rẹ̀ la fi ń wá wọn nínú òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀."

"Wá ta ni?"

"Àwọn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kejì. Ẹnì kan ṣì ń dá wa lóhùn nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀." Ó wo apẹ̀rẹ̀ tó wà nílẹ̀. "Mẹ́fà ni, Mọ́ọ̀mí. Màá dá wọn sọ́tọ̀. Mẹ́fà péré ni."

Sálúbàtà já bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà. Wọ́n fa orí ọmọ náà mọ́ra, wọ́n dì í mú. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ sínú ìborùn wọn.

Mo fẹ́ sọ pé, "Káàbọ̀, ọmọ mi." Mo wá gbọ́ tí eékún mi méjèèjì sọ fún mi pé ó dàbọ̀. Mo jókòó, kì í sì í ṣe pé mo yan ibi tí mo jókòó sí: inú apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò jẹ́ tèmi mọ́. Ẹkún bẹ̀rẹ̀, ẹkún tí ìdí ń bá gbọ̀n, èmi bàbá ọmọ mẹ́ta.

"Ọ̀gá, ẹ dìde!"

"Ó fẹ́ dákú o! Omi! Ẹ gbé píọ̀ wọ́tà wá!"

Wọ́n da omi lé mi lórí. Àlàájà gbójú wò mí láti orí èjìká ọmọ wọn. "Ẹ wo ọ̀gá ikú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wọn kúrò lórí tòmátì mi."

Alábàárù méjì wá, ọ̀kan di abẹ́ apá, ọ̀kan di ẹsẹ̀. Wọ́n gbé mi sínú bárò bí wọ́n ṣe ń gbé apẹ̀rẹ̀. Màláàmù tó ni bárò náà ní, "Ọ̀gá, ẹ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú o. Kò ní bíréèkì." Ó tì mí gba àárín ọjà kọjá, àwọn ènìyàn ń yà fún wa, omi ń kán ní irùngbọ̀n mi, ìdí ṣòkòtò mi pupa fòò.

Aago méje ti kọjá dáadáa nígbà tó tì mí jáde sí ojú títì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan dúró síbẹ̀, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ dínkù kí wọ́n lè sọdá. Wọ́n rí bárò. Wọ́n rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan la ẹnu, báàgì bọ́ lọ́wọ́ èkejì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò, àwọn obìnrin kúnlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọkùnrin tẹ orí ba.

"Ẹ káàárọ̀, sà!"

"Ẹ káàárọ̀ o," ni mo wí. "Ẹ má pẹ́ dé kíláàsì."

Màláàmù ń tì mí lọ.